Òwú Pupa, Òwú Funfun

Ẹ̀fọ́rí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í ṣe èyí tó máa ń lù kì-kì-kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kan, tí èébì á máa gbé èèyàn, tí èèyàn ò ní fẹ́ rí iná rárá. Ti èyí yàtọ̀. Ó máa ń rọra dé ni. Á bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, á gba ẹ̀bátí méjèèjì, á wá dì mọ́ iwájú orí bí ìgbà tí ẹnì kan bá fi gèlè líle wé orí fún èèyàn, tó sì ń fà á lọ, tí kò mọ̀ pé ó ti tó. Èèyàn ṣì lè ṣiṣẹ́. Èèyàn ṣì lè rẹ́rìn-ín nínú ìpàdé orí fóònù. Gèlè yẹn ṣáà ò ní tú. Àwọn dókítà ń pè é ní tension-type headache. Nínú ilé tiwa, ẹ̀fọ́rí gèlè là ń pè é.

Àwa méjèèjì ló ń bá jà. Tọkọtaya ni wá, iṣẹ́ kan náà la sì ń ṣe: à ń kọ kóòdù fún ilé iṣẹ́ tí a ò fojú rí rí, láti inú yàrá kan ní Èkó, lórí àga tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí ju wákàtí kan lọ. Torí náà, tí a bá ní "orí ń fọ́ wa", ẹ má bi wá pé èwo nínú wa. Nígbà míì, ọ̀kan ni. Nígbà míì, àwa méjèèjì ni, tí ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù á dìde lọ gbé ọmọ.

Ọmọ náà, àkọ́bí wa ni. Òun ló gbé Màmá wá láti Ìṣẹ́yìn. Wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe. Ìyá ọ̀kan nínú wa ni wọ́n, àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, kò sẹ́ni tó tún rántí pé ìyá ta ni. Nínú ẹrù wọn, a rí gààrí, àdí àgbọn, ọṣẹ dúdú, ewé efinrin tí wọ́n wé sínú ìwé ìròyìn, àti agolo róòbù kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ti dógùn-ún.

Ní òru ọjọ́ kan, nǹkan bí aago méjì, wọ́n jáde wá bu omi, wọ́n bá ọ̀kan nínú wa nídìí tábìlì tó fọwọ́ méjèèjì di orí mú níwájú kọ̀ǹpútà. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n já ewé efinrin, wọ́n rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi omi rẹ̀ pa iwájú orí àti ẹ̀bátí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìka kan mú róòbù, wọ́n fi pa ibẹ̀ náà. "Dijú," ni wọ́n wí. Wọ́n dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn lórí orí ọmọ wọn, títí tí gèlè yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

A dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n padà wọlé tán, a wojú ara wa, a rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ Màmá ló wò ó, kì í ṣe ewé." A wá gbé paracetamol méjì mì, bóyá tó bá tún fẹ́ padà. A ṣọ́ ọ kí wọ́n má baà rí wa.

Ká má parọ́, irú èèyàn tí a jẹ́ nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa ní computer science ní yunifásítì, ohun tó sì kọ́kọ́ máa ń wọ orí ẹni nínú iṣẹ́ yìí ni pé "ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀fọ́rí gèlè tún ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Ó lè lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè lo ọjọ́ méje, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Tí o bá fi ọṣẹ pa orí, tó bá lọ, ọṣẹ á gba ọpẹ́. Tí o bá sùn, tó bá lọ, oorun á gba ọpẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ gan-an?

Nígbà tí ọmọ sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì, a ṣí làpútọ́ọ̀pù. Ká jẹ́ olóòótọ́, ohun tí à ń wá ni nǹkan tí a máa fi sọ pé Màmá ò tọ̀nà. Ohun tí a rí mú wa dákẹ́.

Ní ọdún 1996, Hartmut Göbel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kiel, ìlú etí òkun kan ní àríwá Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní Der Nervenarzt. Epo ewé mínǹtì ni wọ́n dán wò, irú mínǹtì tí òyìnbó ń pè ní peppermint. Oògùn ìbílẹ̀ tiwọn nìyẹn, bí efinrin ṣe jẹ́ tiwa. Wọ́n kó èèyàn 41 jọ, tọkùnrin tobìnrin, láti ọmọ ọdún 18 sí 65, tí ẹ̀fọ́rí gèlè máa ń yọ lẹ́nu. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wo ẹ̀fọ́rí mẹ́rin pẹ̀lú wọn, ìyẹn ẹ̀fọ́rí 164 lápapọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Gbogbo ìgbà tí orí bá fọ́ èèyàn, á gbé oògùn mì, á sì tún fi epo pa iwájú orí àti ẹ̀bátí. Nígbà kan, epo yẹn á jẹ́ gidi, tí wọ́n pò mọ́ sípíríìtì, 10 nínú 100, oògùn á wá jẹ́ òfìfo tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà kan, oògùn á jẹ́ paracetamol gidi, 1000 miligíráàmù, epo á sì jẹ́ òfìfo. Nígbà kan, gidi ni méjèèjì. Nígbà kan, òfìfo ni méjèèjì. Aláìsàn ò mọ èyí tó kàn án. Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ náà ò mọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Láàárín ìṣẹ́jú 15, epo mínǹtì ti mú ẹ̀fọ́rí náà fúyẹ́ ju òfìfo lọ, ó sì ń fúyẹ́ sí i títí wákàtí kan fi pé. Paracetamol náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi méjèèjì wéra, wọn ò rí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbára lé láàárín wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn dókítà kan ní Ọsirélíà gbé ìwádìí tiwọn jáde lórí Tiger Balm, ìpara inú agolo tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí róòbù Màmá. Ibì kan náà ni tiwọn já sí: ó ṣe dáadáa ju òfìfo lọ, kò sì yàtọ̀ sí oògùn oníhóró.

Tí ẹ bá ń rò pé òórùn lásán ni, ẹ fara balẹ̀. Menthol tó wà nínú mínǹtì, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí à ń pè ní róòbù, òun náà ló wà nínú TomTom tí ẹ̀ ń lá. Kì í mú ara tutù gan-an. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára iṣan ìmọ̀lára wa tó máa ń ṣí tí òtútù bá kàn án, menthol sì mọ bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn láìsí òtútù. TRPM8 ni wọ́n ń pè é. Ní 2002 ni David Julius àti Ardem Patapoutian, tí oníkálukú wọn ń dá ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ṣàlàyé rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn fún àwọn méjèèjì ní 2021. Róòbù Màmá, tí ìdérí rẹ̀ dógùn-ún, ń kan ilẹ̀kùn táwọn èèyàn gba Nobel lé lórí!

Efinrin wá ńkọ́? Ibí yìí la ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu wa. Efinrin ní nǹkan gidi nínú. Thymol wà nínú epo rẹ̀, eugenol náà sì wà níbẹ̀, ìyẹn èyí tó wà nínú kànáfùrù tí àwọn dókítà eléyín máa ń lò láti pa eyín lára. Wọ́n ti dán epo efinrin wò lára èkúté ní Brazil, ó sì dín ìrora wọn kù. Àmọ́ èkúté ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé gèlè ń fún òun lórí. Ẹ̀rí mínǹtì ò sì lè di ẹ̀rí efinrin, bí ìwé ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n ò ṣe lè di ti àbúrò. Àní mínǹtì gan-an, èèyàn 41 ò pọ̀. Epo tí wọ́n pò ní Kiel kì í sì í ṣe róòbù inú agolo.

Gbogbo èyí la mọ̀. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ò sọ gbogbo rẹ̀. Inú wa ti dùn jù. A bá Màmá nídìí iná, a ní, "Màmá, ẹ jàre o! Àwọn Jámánì ti dán nǹkan tí ẹ ṣe lánàá wò, ó ń ṣiṣẹ́!"

Wọ́n wò wá tìyanu-tìyanu. "Ṣé ó di ìgbà tí òyìnbó bá sọ ọ́ kí ẹ tó mọ̀ pé orí yín ti fúyẹ́ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé nǹkan tí a sọ yẹn ṣì ń bọ̀ wá ká wa mọ́.

Ọmọ wa pé ọ̀sẹ̀ méje, ọ̀fìnkìn mú un. Imú rẹ̀ dí, kò lè mu ọyàn dáadáa, gbogbo ilé ò sùn. Ní ìdájí, a gbọ́ tí agolo róòbù ṣí. A yíjú, a rí Màmá tí wọ́n gbé ọmọ lé itan, róòbù díẹ̀ wà ní orí ìka wọn, ìka náà sì ti ń lọ sí ihò imú ọmọ.

A kígbe. Ọ̀kan nínú wa di ọwọ́ wọn mú. Ẹ gbọ́ o: a di ọwọ́ ìyá wa mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Menthol tí wọ́n bá fi sí imú tàbí ẹ̀gbẹ́ imú ọmọ ìkókó lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pa dé lójijì, kí ọmọ má lè mí. Káńfọ̀, tó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ìpara yìí, májèlé ni tí ọmọdé bá gbé e mì. Ẹ wo ara páálí wọn, ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a má lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Nǹkan tó ń tú gèlè lórí àgbà, ó lè pa ọmọ lẹ́kun mí.

Àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe sọ ọ́ fún Màmá nìyẹn. A ò sọ nǹkan kan tó lórí. A kàn na fóònù sí wọn lójú, pé kí wọ́n wá wò ó níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Wọn ò wo fóònù. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́sí ẹ ní òyìnbó ti gbà á. Lónìí ó ti di májèlé?"

A ò rí èsì fọ̀.

"Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́. Kò sí èyí tí imú rẹ̀ ò dí rí nínú wọn." Wọ́n gbé ọmọ fún wa, wọ́n lọ fọ ọwọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní Sátidé ni àwọn máa padà sí Ìṣẹ́yìn.

Wednesday ni ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn fún wa ní omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú ọmọ, ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń fà á jáde. Kó tó di Thursday, ọmọ ti ń mu ọyàn. Àmọ́ ilé dákẹ́. Màmá ń wẹ ọmọ, wọ́n ń sebẹ̀, wọ́n ń dáhùn tí a bá kí wọn. Nǹkan míì ò sí.

Àwa méjèèjì jókòó lálẹ́ Thursday, a ro ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe máa ń wá àṣìṣe nínú kóòdù: níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe ìdájí Wednesday. Àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ bá wọn nídìí iná ni. A gbé ìròyìn ìwádìí kan lọ bá wọn bí ìgbà tí adájọ́ bá ń ka ìdájọ́: "Ẹ jàre." Ìwádìí Kiel ò sì dá ẹnikẹ́ni láre. Ohun tó sọ kéré, ó sì ṣe kedere: epo báyìí, iye báyìí, ní iwájú orí àgbàlagbà, fún ẹ̀fọ́rí báyìí. Kò dé imú. Kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹ̀rí ní ààlà bí ilẹ̀ ṣe ní ààlà, àwa la ò fi òpó ààlà yẹn han Màmá. Nígbà tí wọ́n wá rìn kọjá rẹ̀, a di ọwọ́ wọn mú bí ọwọ́ olè.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tó dùn wá jù. A ti lo ewé wọn, a ti lo ọwọ́ wọn, a ti rẹ́rìn-ín wọn lẹ́yìn, a sì ti gbé oògùn mì ní ìkọ̀kọ̀. A ò tíì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa nǹkan tí wọ́n mọ̀.

Lálẹ́ Friday, ọ̀kan nínú wa dọ̀bálẹ̀, ọ̀kan kúnlẹ̀. A bẹ̀ wọ́n. A wá ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣe ìdánwò kan kí ẹ tó lọ. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ní Jámánì."

"Kí ni tèmi nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ èyí tó jẹ́ gidi. Àwa ò ní mọ̀."

A ṣàlàyé fún wọn. Ìgò méjì, ọ̀kan ní epo mínǹtì nínú, èkejì òfìfo. Tí orí bá fọ́ ọ̀kan nínú wa, àwọn ló máa mú ìgò. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Òórùn ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ò nímú ni?"

A wojú ara wa. Àwọn ará Kiel ti ronú kan ìyẹn. Epo tiwọn tó jẹ́ òfìfo, wọ́n kán mínǹtì bíńtín sí i, kí ó lè máa rùn bíi gidi. Àwa ò sọ ìyẹn fún Màmá rárá. Láàárín ìṣẹ́jú kan, níbi tí wọ́n jókòó sí lórí ibùsùn, tí báàgì wọn ti di, wọ́n ti dé ibi tó le jù nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Sátidé kọjá, wọn ò lọ.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní fámásì bá wa po ìgò méjèèjì, ó sì bá Màmá nìkan sọ èyí tó jẹ́ gidi. Màmá so òwú pupa mọ́ ọrùn ọ̀kan, wọ́n so òwú funfun mọ́ èkejì, wọ́n kó wọn sínú àpótí wọn, wọ́n tì í. Tí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á da ìdérí ìgò mínírà sókè: tó bá dojú délẹ̀, pupa, tó bá ṣí sókè, funfun. Ẹni tí orí ń fọ́ á sọ bó ṣe le tó, láti òdo sí mẹ́wàá. Màmá á fi pa á. Ó gbọ́dọ̀ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí fóònù. Á tún sọ bó ṣe le tó. Gbogbo rẹ̀ la kọ sílẹ̀, títí kan gbogbo oògùn tí a bá gbé mì, ọjọ́ tí a gbé e mì, àti wákàtí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ṣe é. Màmá pa wá lórí ní ìgbà 16. Ìdérí mínírà mú pupa ní ìgbà mẹ́sàn-án, ó mú funfun ní ìgbà méje. Pẹ̀lú pupa, ẹ̀fọ́rí náà dín sí ìdajì tàbí ó tán ní ìgbà mẹ́fà. Pẹ̀lú funfun, ní ìgbà mẹ́ta.

Màmá ṣí àpótí. Pupa ni gidi.

A fẹ́ pàtẹ́wọ́. A dáwọ́ dúró. Mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án, mẹ́ta nínú méje: tí ìgbà kan péré bá yí padà ní apá méjèèjì, ìtàn náà á yí padà. Ọ̀kan nínú wa tún jẹ́wọ́ pé òun ti fura, torí pé pupa máa ń tutù lára jù. Ìdánwò wa ti jò níbẹ̀ yẹn. Èèyàn méjì àti ìdérí mínírà ò lè sọ fún ayé pé mínǹtì ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Àwọn tó ka 164 ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ jù wá lọ.

Àmọ́ ìbéèrè tí Màmá bi wá lẹ́yìn ìyẹn ṣì wà lọ́kàn wa. "Funfun náà wò yín ní ìgbà mẹ́ta. Kí ló wà nínú funfun tó wò yín?"

Kí ló wà nínú ẹ̀? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹni wà nínú ẹ̀. Ọrùn tí kò tẹ̀ sí iwájú kọ̀ǹpútà wà nínú ẹ̀. Òfìfo ò fi bẹ́ẹ̀ ṣófo.

Nǹkan tó yí ilé wa padà ò tilẹ̀ sí ní apá ìgò. Apá ibi tí a kọ oògùn sí ló wà. Nígbà tí a ka ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa gbé paracetamol mì nínú ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ 17 ni. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ pé orí ti fọ́. Nígbà míì, "kó má baà fọ́" ni. A lọ wo inú dúrọ́ọ̀ tábìlì, a rí àwọn káàdì oògùn tó ti ṣófo, a wojú ara wa. Kì í ṣe oṣù yẹn ló bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan wà lórí rẹ̀ tí àwọn dókítà orí fífọ́ ń tẹ̀ lé. Ẹni tí orí sábà máa ń fọ́, tó bá ń lo oògùn ìrora bíi paracetamol ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹ̀fọ́rí. Fún oògùn tí wọ́n lú pọ̀, irú èyí tí wọ́n fi káfíìnì sí, ọjọ́ 10 péré ti tó. Orí á fọ́, èèyàn á lò ó, ara á mọ́ ọn, tí kò bá sí nínú ara mọ́, orí á tún fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ mọ irú nǹkan yìí: iṣẹ́ tó ń pe ara rẹ̀, tí wọn ò kọ ibi tó máa dúró sí.

A lọ rí dókítà. Ó kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí orí ń fọ́ gidi tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú gbọ́dọ̀ lọ ṣàyẹ̀wò kíákíá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ róòbù. Ó bi wá nípa àwọn nǹkan míì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ róòbù: ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì bí ààrá, ibà pẹ̀lú ọrùn tó gan, ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tí kò lè gbé mọ́, orí tó fọ́ lẹ́yìn ìṣubú. Kò sí èyíkéyìí. Ó wá béèrè ìbéèrè kan tí kò sẹ́ni tó bi wá rí: "Ọjọ́ mélòó lẹ̀ ń gbé oògùn mì nínú oṣù?" A fi ìwé tí a kọ hàn án. Ó ní kí ẹni tó kàn jáwọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ le. Gèlè yẹn fún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnu ìgbà yẹn ni Màmá ń bọ́ sí pálọ̀ lóru, pẹ̀lú ìgò olówùú pupa ní ọwọ́ kan, efinrin ní ọwọ́ kejì. Kò sí ìdérí mínírà mọ́, kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti ń tó ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, kí orí tó fọ́. Kò tán. Ó dín.

Màmá ti padà sí Ìṣẹ́yìn. Wọ́n gbin efinrin sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún wa sí ẹ̀yìn fèrèsé. Agolo róòbù wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè dé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ, Màmá fúnra wọn ló ṣe òfin yẹn kí wọ́n tó lọ. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì máa ń pa kọ̀ǹpútà dé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òwú funfun la fi orúkọ rẹ̀ pè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè wá. Wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè iṣẹ́. Wọ́n wá ní, "Gèlè yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń tú, Màmá."

"Kí ló tú u? Ewé ni àbí ìjókòó? Àbí oògùn tí ẹ ò gbé mì mọ́?"

A wojú ara wa. A ní a ṣì ń kà á.

"Ẹ máa kà á," ni wọ́n wí. "Tí ẹ bá kà á tán, kí ẹ pè mí."